Ọkọ̀ Aláwọ̀ Eérú tí A Rà ní Adó

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Wọ́n já wa sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lónìí. A ti kọjá Ìyìn, a ò tíì wọ Aramoko, ni Bàbá Nífẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, tí orí rẹ̀ ń yẹ̀ sórí èjìká obìnrin tó jókòó tì í. Obìnrin náà ní òun ò fẹ́ kí èèyàn kú mọ́ òun lára. Awakọ̀ dúró. Kò bú wa. Ó kàn ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀. Mi ò lè ru ẹjọ́." Ó dá owó wa padà. A jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì fún wákàtí kan àti ààbọ̀, mo ń fi ìborùn mi fẹ́ ẹ. Ọkọ mi, ọ̀gá nílé-iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n — lórí búlọ́ọ̀kù.

Láti oṣù Kẹta la ti ń ti ilé wa ní Ìjerò lọ sí Adó, Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, kí ẹ̀rọ lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀, nítorí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, kì í lè dá dúró. Bọ́ọ̀sì kì í ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Mò ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni.

A máa ra ọkọ̀.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ ti gbà láti yá mi. Wọn yóò máa yọ ọ́ nínú owó oṣù mi títí n ó fi fẹ̀yìntì.

Bàbá Nífẹ́mi ní ta ni yóò wà á. Òótọ́ ni. Mi ò mọ ọkọ̀ wà, ọwọ́ tirẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Mo ní Bọ̀dá Mọ́tò.

Bọ̀dá Mọ́tò — Kúnlé, àbúrò rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, agolo ló fi ń ṣe mọ́tò kiri àgbàlá. Ọmọ ọkọ ni, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, ni mo bá sọ ọ́ ní Bọ̀dá Mọ́tò. Ó wá di mẹkáníìkì lóòótọ́. Títí dòní, "ìyàwó wa" ló ń pè mí. Ó ní òun á máa wà wá lọ ní ọjọ́ méjèèjì, òun ò sì ní gba kọ́bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Adó. Ọkọ̀ méje la wò. Ọkùnrin tó ń tà wọ́n kì í sọ gbólóhùn kan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ní, "Kí n sọ òtítọ́ fún yín, Mummy." Mo ti sọ ọ́ ní Bọ̀dá Òtítọ́ kí a tó dé orí ìkẹta.

Ìkarùn-ún la mú. Tòyótà Kamurí ni, aláwọ̀ eérú, kò tóbi jù, kò kéré jù, àyè ẹ̀yìn rẹ̀ gba ẹni tó bá fẹ́ nà gbalaja. Kì í ṣe tòkunbọ̀. Ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti lò ó. Bọ̀dá Mọ́tò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóòórùn ọ́ìlì, ó fi aṣọ tó wọ̀ jáde sùn sílẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹni tó lo èyí fẹ́ràn rẹ̀."

Mo bi Bọ̀dá Òtítọ́ léèrè ìdí tí ẹni náà fi tà á. Ìgbà yìí nìkan ni kò fi òtítọ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹbí kan ni. Wọ́n nílò owó kíákíá."

Mi ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí ìjókòó ẹ̀yìn yẹn, ó ti wọ̀ mí lójú.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Ó sùn láti Ìyìn dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìrọ̀rí méjì, aṣọ ìbora kan. Ó ń hanrun. Mo jókòó níwájú, mo ń gbọ́ ọ, mi ò fẹ́ kí ọ̀nà tán.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Ó jẹ búrẹ́dì nínú ọkọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Ilé-ìwé wọlé. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ní Ìkòrò ti bá mi kó gbogbo iṣẹ́ mi sí ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run ni yóò san án fún un. Ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ kì í ṣí fún mi, Bọ̀dá Mọ́tò ló máa ń wá ṣí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àlàáfíà.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

N ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

À ń bọ̀ láti Adó, ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀. Ní ìkóríta Aramoko, níbi tí wọ́n gbé òkìtì sójú títì kí ọkọ̀ má baà sáré, Bọ̀dá Mọ́tò ń rọra lọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jáde. Mo rí ọmọbìnrin kan tó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Kò gbé e kalẹ̀, ó jù ú ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo rò pé ẹlòmíràn ló ń lé. Ó dé ẹ̀gbẹ́ wa, ó ń lu bùútù ọkọ̀, ó ń pariwo, "Dádì. Dádì mi ti dé. Mọ́mì, ẹ wá o, Dádì ti dé."

Bọ̀dá Mọ́tò tẹ búrẹ́ẹ̀kì. Ọmọ náà gba ọ̀dọ̀ mi wá, ó gbé ọwọ́ ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ kó tó fà á, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ilẹ̀kùn tí èmi ò mọ̀ ọ́n ṣí.

Ó rí mi. Ó rí Bọ̀dá Mọ́tò. Ó yọjú sẹ́yìn, ó rí Bàbá Nífẹ́mi lábẹ́ aṣọ ìbora. Ojú rẹ̀ pẹ́ gan-an lára ọkọ mi, bí ẹni pé tí òun bá wò ó pẹ́ tó, yóò yí padà di ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin kọ́." Kò sunkún. Ọmọ ọdún méje.

Ìyá rẹ̀ jáde láti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lápá ọ̀tún, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó rí ọkọ̀ náà, ó dúró gbagidi, ó wá fi ọwọ́ kan ara ògiri. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo kí i. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ọkọ̀ wa tẹ́lẹ̀ ni." Ó ní kí ọmọ lọ gbé báàgì rẹ̀.

Bí ọmọ ṣe lọ, ó sọ ọ́ fún mi kíákíá, bí ẹni tó ń ka ohun tó ti há sórí. Ọlámijí lorúkọ ọkọ òun. Tíṣà ni. Nínú oṣù Kìíní, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Iléṣà, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ nílé torí pé kò sí epo. Àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì wọn dúró lọ́nà Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n béèrè owó. Ẹbí kó ohun gbogbo jọ, wọ́n ta ọkọ̀ náà kún un. Ẹbí gbé owó lọ síbi tí àwọn ajínigbé ní kí wọ́n gbé e sí. Wọ́n gba owó náà. Ọlámijí ò padà.

Ọmọ náà, Tolúlọpẹ́, wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Erio ní gbogbo ìgbà yẹn. Nígbà tó dé, bàbá ò sí, ọkọ̀ ò sí. Wọ́n ní bàbá rìnrìn àjò iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló parí ìyókù: ọkọ̀ ló gbé Dádì lọ, ọkọ̀ ni yóò gbé e bọ̀.

Mo ní, "Ẹ kò tíì sọ fún un?" Ó wò mí. Ó ní, "Kí ni kí n sọ, mà? Èmi gan-an ò mọ̀. Mi ò rí òkú, mi ò rí ààyè. Mi ò mọ bóyá opó ni mí."

Mo ní ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ yẹn kéré jọjọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá Nífẹ́mi ò jẹun. Ó ní inú ọkọ̀ òkú ni òun ń sùn sí. Mo ní wọn ò sọ pé ó ti kú. Ó pe orúkọ mi, "Rónkẹ́." Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí a gbàdúrà. Mi ò mọ ohun tí n ó béèrè, tí kò ní jẹ́ pé mò ń gbà á lọ́wọ́ ọmọ yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Tolúlọpẹ́ wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ó dìde nígbà tó rí wa. Kò sáré. Ó tún wo inú ọkọ̀ látòkèèrè, ẹnìkan lẹ́yìn ẹnìkan, bóyá lónìí Dádì rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Bọ̀dá Mọ́tò ò dúró. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ní ọmọ nílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Nífẹ́mi pè láti Ìbàdàn. Ọmọ wa yìí, gbogbo nǹkan ló ní ojútùú lọ́dọ̀ rẹ̀: ẹ tà á, ẹ ra òmíràn. Mo pe Bọ̀dá Òtítọ́. Ó ní, "Kí n sọ òtítọ́ fún yín, Mummy, ọjà ti yí padà, ìdajì owó yín ni mo lè fi gbà á." Ìdajì owó kò ra ohun tó ń rìn. Mo bi í bóyá ó mọ ìtàn ọkọ̀ náà nígbà tó tà á fún mi. Ó ní, "Mummy, tí mo bá ń béèrè ìtàn ọkọ̀, mi ò ní rí ọ̀kankan tà."

Mi ò lè bínú sí i. Èmi náà kò béèrè.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

A gba ọ̀nà Ìdó kí a má baà kọjá ní Aramoko. Àlọ gùn, a fara dà á. Àbọ̀ ni ìyọnu. Kòtò lórí kòtò. Bàbá Nífẹ́mi bì lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tí wọ́n ti ń gún un lápá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. A dúró lẹ́bàá oko ẹnìkan. Mo fi etí aṣọ mi dè é, mò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bọ̀dá Mọ́tò ń pe nọ́ńbà àwọn nọ́ọ̀sì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Nígbà tó yá ẹ̀jẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo dá a dúró.

A ò ní gba ibẹ̀ mọ́. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Ìyá Tolú wá sílé wa. Ó gun ọ̀kadà láti Aramoko, ó béèrè ilé tíṣà tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, wọ́n sì júwe fún un. Bọ́sẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ó mú iṣu méjì wá. Àwa ló yẹ ká gbé nǹkan lọ bá a.

Ó jókòó sétí àga. Ó ní ọmọ òun ò kẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Tó bá di Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, kì í jẹun, bẹ́ǹṣì ló ń sáré lọ. Ọjọ́bọ̀ tí a ò kọjá, ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó ní àwọn èèyàn yẹn ti lọ gbé Dádì. Bọ́sẹ̀ ní òun ò wá bẹ̀ wá pé ká má gba ibẹ̀ mọ́, òun rí bí Bàbá ṣe rí. Ó ní, "Mo wá bẹ̀ yín ni, kí ẹ bá mi kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ mìíràn. Kó má baà dá a mọ̀. Èmi ni n ó sanwó ọ̀dà."

Bàbá Nífẹ́mi wà lórí ìjókòó rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ ò ṣe sọ fún un?"

Bọ́sẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá sọ fún un, sà, èmi náà á ti gbà pé kò ní bọ̀ mọ́ nìyẹn."

Mo ní a máa kùn ún, kò sì ní sanwó kankan. Nígbà tó ń lọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà kọjá níta. Ó sún aṣọ rẹ̀ mọ́ra kó má kàn án.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kẹsàn-án

A kọjá. Bẹ́ǹṣì ṣófo. Bọ́sẹ̀ ti tì í mọ́lé títí a fi lọ. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ìsinmi òmìnira. Caleb, pẹ́ńtà tó wà lẹ́yìn gáréèjì Bọ̀dá Mọ́tò, ti kùn ún látàná. Pupa tó dúdú díẹ̀, bí obì. Ó ní ká má fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bọ̀dá Mọ́tò yóò lọ tún àwọ̀ rẹ̀ kọ sínú ìwé ọkọ̀. Ó dára lójú. Ó ń dán. Mo dúró tì í, mo rí ojú ara mi lára rẹ̀, mo wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Tolúlọpẹ́ wà níbẹ̀. A ń rọra gorí òkìtì, ojú èmi àti òun ṣe mẹ́rin. Kò dá mi mọ̀, àgbàlagbà kan ṣá ni mo jẹ́ lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa kí àgbà, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Lẹ́yìn náà ó yí orí, ó wo ẹ̀yìn wa, ọkọ̀ tó ń bọ̀ tẹ̀ lé wa.



Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Bákan náà. "Ẹ káàsán, mà." Ó wo ẹ̀yìn wa.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Òjò. Ó wà níbẹ̀ lábẹ́ páànù.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá Nífẹ́mi bi mí léèrè — ohùn rẹ̀ tutù, bí ẹni tó ń béèrè aago — pé bí òun bá kú, ṣé n ó sọ fún Nífẹ́mi pé òun rìnrìn àjò ni. Mo ní Nífẹ́mi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó ní, "Ìyẹn kọ́ ni mo béèrè." Mo kó abọ́ lọ síbi tí n ó ti fọ̀ wọ́n. Mo fọ abọ́ méjì fún ìgbà tó pẹ́.

Mo ti ṣèlérí fún Bọ́sẹ̀. Bàbá Nífẹ́mi náà gbọ́ nígbà tí mo ṣèlérí.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀rọ mú un gan-an lónìí. Méjì nínú àwọn nọ́ọ̀sì ló bá wa gbé e wọnú ọkọ̀. Kò sọ̀rọ̀ láti Adó. Mo rò pé ó ti sùn.

Bí a ṣe gorí òkìtì Aramoko, ó ní, "Kúnlé, dúró."

Bọ̀dá Mọ́tò yíjú wò mí. Ó ń dúró kí n sọ pé kó máa lọ. Mi ò ní kó máa lọ, mi ò sì ní kó dúró. Ó dúró.

Bàbá Nífẹ́mi ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan òrùlé ọkọ̀, ó fi ìkejì kan èjìká mi nígbà tí mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ sí bẹ́ǹṣì. Mo kà á. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó ń mí gulegule. Tolúlọpẹ́ kí i, ó sì sún fún un.

Ó ní, "Ọkọ̀ ta ni o ń dúró dè?"

"Ti Dádì mi. Aláwọ̀ eérú ni."

Ó nawọ́ sí tiwa. "Òun nìyẹn. A ti kùn ún."

Ọmọ náà wo ọkọ̀. Ó dìde, ó lọ bá a, ó yí i ká. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná, ó yọ ọwọ́. Ó padà wá dúró níwájú ọkọ mi. "Ta ló kùn ún?"

"Àwa ni."

"Kí ló dé?"

"Kí o má baà dá a mọ̀."

Ó rò ó. Èmi ti rí Bọ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Mo wò ó kí ó lè bá mi dá ọkọ mi dúró. Kò kúrò lójú kan.

Ọmọ náà ní, "Dádì mi ńkọ́?"

Bàbá Nífẹ́mi dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Àwọn èèyàn burúkú kan mú un lójú ọ̀nà. Kò sí nínú ọkọ̀ yìí nígbà yẹn. Mọ́mì rẹ ta ọkọ̀ náà kí wọ́n lè fi í sílẹ̀. Wọ́n gba owó, wọn ò fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà, ọmọ mi. Èmi ò mọ̀. Mọ́mì ò mọ̀."

Tolúlọpẹ́ yíjú sí ìyá rẹ̀. Bọ́sẹ̀ fa abẹ́rẹ́ yọ lára aṣọ náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Tolú. Òótọ́ ni wọ́n sọ."

Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kọ ẹ̀yìn sí títì.

Bọ́sẹ̀ ò dúpẹ́, kò sì bú wa. Ó gbé aṣọ kalẹ̀, ó wá bá mi mú apá kejì ọkọ mi, a jọ gbé e padà sínú ọkọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó fi aṣọ bò ó. Ó ní, "Ẹ máa gbé wọn lọ sílé. Ó ti rẹ̀ wọ́n." Ó wá wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, ní ọ̀sán gangan.

Mo wẹ̀yìn títí a fi ṣẹ́ kọ́nà. Kò sẹ́ni tó ń wo títì. Ohun tí a torí rẹ̀ kun ọkọ̀ nìyẹn. Mo wá rí i báyìí, gbogbo ara mi ń ṣe bí ẹni pé èmi ni mo gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ náà.

Nígbà tí a dé Ìjerò, Bàbá Nífẹ́mi bi mí bóyá òun ṣe é dáadáa. Mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, mo bò ó láṣọ. Ó ti sùn. Mo jókòó tì í, mo ń kọ èyí. Mi ò tíì mọ ohun tí n ó sọ fún un tó bá jí. Ọjọ́bọ̀ a ó tún gba ibẹ̀.